Ọlọ́pàá àti Ọmọ Ìta Nínú Eré Tẹlifíṣọ̀n: Báwo Ni A Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Jọ Òótọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò tíì bá ọmọ ìta jókòó sọ̀rọ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ni kò sì tíì sun àgọ́ ọlọ́pàá rí, a kò sì gbàdúrà kí ọ̀ràn gbé wa débẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá bi wá léèrè bí ọlọ́pàá ti ń ṣe sí àwọn ọmọ ìta, àti bí àwọn ọmọ ìta ti ń ṣe sí ọlọ́pàá, kíá ni a ó dáhùn. Níbo ni a ti rí ìdáhùn náà? Inú tẹlifíṣọ̀n ni.

Eré tí a ń wò ní alẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, olùkọ́ ni. Ó ń kọ́ wa pé ẹni báyìí ni olè, ẹni báyìí ni ọmọlúàbí. Bí ohun tí ó ń kọ́ wa bá jẹ́ irọ́, irọ́ náà ni a ó fi dá ẹjọ́ ọmọ aládùúgbò wa. Ẹni tí ń dìbò ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ń gba ọmọ síṣẹ́ ń wò ó. Adájọ́ pàápàá ń wò ó. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ eré lásán lọ.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó gbé eré kan yẹ̀ wò. Orúkọ rẹ̀ ni The Wire. Ìlú Baltimore, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé kò sí eré ọlọ́pàá tó sún mọ́ òótọ́ tó o. A ó wo ibi tí ó ti sọ òótọ́, a ó sì wo ibi tí òótọ́ rẹ̀ kù sí.

1. Eré tí ọlọ́pàá ń yẹ̀ wò kí ó tó jáde

Kí a tó dé Baltimore, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo eré àtijọ́ kan. Orúkọ rẹ̀ ni Dragnet. Láti 1951 títí di 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Jack Webb ni ó dá a sílẹ̀, òun náà ló sì ń ṣe ọlọ́pàá tó jẹ́ olórí eré. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn òǹwòran pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wò.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Inú ìwé ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ni wọ́n ti ń mú ìtàn náà. Báàjì tí ọlọ́pàá ń fi hàn, bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ti ń kọ ìwé, gbogbo rẹ̀ ló rí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá náà ni wọ́n ń yẹ eré náà wò kí ó tó jáde. Nítorí náà, ọlọ́pàá inú Dragnet kì í gba rìbá, kì í sì í na aláìṣẹ̀.

Ní oṣù August 1965, ní àdúgbò Watts ní Los Angeles kan náà, ọlọ́pàá dá ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan dúró nínú mọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà ńlá. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìjà náà fi jà, 34 ènìyàn sì kú. Àwọn ará Watts ti ń ráhùn tipẹ́tipẹ́ nípa ìwà ọlọ́pàá sí wọn. Ẹni tí ó jẹ́ pé Dragnet nìkan ló ń wò kò lè mọ ibi tí ìjà náà ti wá.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Eré lè mú báàjì àti ìbọn bó ṣe rí gan-an, kó sì jẹ́ pé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ló fi sọ̀rọ̀.

2. Àwọn tó kọ The Wire

Ẹni méjì ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni David Simon. Akọ̀ròyìn ni fún bí ọdún méjìlá ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Baltimore Sun. Ìròyìn ọlọ́pàá àti ìwà ọ̀daràn ló ń kọ. Ní 1988, ó tẹ̀lé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ń wádìí ẹjọ́ ìpànìyàn kiri fún odindi ọdún kan. Ó fi ohun tó rí kọ ìwé, ìwé náà sì jáde ní 1991.

Èkejì ni Ed Burns. Ọlọ́pàá ni ní Baltimore fún ogún ọdún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìlú náà. Àwọn ọmọ tó ṣeé ṣe kí ọlọ́pàá mú lọ́la ló ń kọ́ ní ìwé lónìí.

Ní 1993, àwọn méjèèjì lọ sí ìkóríta kan ní Baltimore níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn olóró. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀ fún ọdún kan. Wọ́n bá àwọn tó ń tà á sọ̀rọ̀, wọ́n bá àwọn tó ń mu ún sọ̀rọ̀, wọ́n bá ìyá wọn náà sọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n fi kọ jáde ní 1997. Ẹ rí i pé wọ́n ti gbọ́ tẹnu ọlọ́pàá, wọ́n sì ti gbọ́ tẹnu ọmọ ìta, kí wọ́n tó kọ eré.

The Wire bẹ̀rẹ̀ ní June 2002, ó sì parí ní March 2008. Ọgọ́ta apá ni, wọ́n pín in sí ọ̀wọ́ márùn-ún. Ọ̀wọ́ kìíní sọ̀rọ̀ nípa ìgboro àti oògùn olóró, èkejì nípa èbúté, ẹ̀kẹta nípa ìjọba ìlú, ẹ̀kẹrin nípa ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀karùn-ún nípa ìwé ìròyìn.

Wọ́n tún mú àwọn ará Baltimore wọ inú eré náà. Jay Landsman, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gidi ni, ó sì ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá nínú eré. Ilé ẹjọ́ dá Felicia Pearson lẹ́bi ìpànìyàn kan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó jáde, ó ṣe ọ̀kan nínú àwọn jàgùdà eré náà. Melvin Williams ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń ta oògùn olóró ní ìlú náà. Ed Burns wà lára àwọn tó wádìí rẹ̀ tí wọ́n fi mú un ní 1984. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, Melvin Williams ṣe díákónì ìjọ nínú eré tí Ed Burns ń kọ. Ẹni tó mú ènìyàn àti ẹni tí wọ́n mú jọ wà nídìí iṣẹ́ kan!

3. Ìlú tí eré náà ti wá

Baltimore wà ní ìpínlẹ̀ Maryland, kò jìnnà sí Washington tí í ṣe olú-ìlú Amẹ́ríkà. Ìlú èbúté ni. Nígbà kan rí, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ irin ńlá kan wà ní Sparrows Point lẹ́bàá ìlú náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò kàwé púpọ̀ lè rí owó oṣù gidi, kí ó fi tọ́ ọmọ, kí ó sì fi ra ilé.

Ní 1950, àwọn tó ń gbé Baltimore tó 950,000. Nígbà tó yá, iṣẹ́ ń dínkù, àwọn ènìyàn ń kó lọ. Ilé iṣẹ́ irin náà kógbá sílé pátápátá ní 2012. Ní 2020, bí 585,000 ènìyàn ló kù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló ṣófo, wọ́n fi pákó kan fèrèsé wọn pa.

Ọ̀ràn àwọ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ní 1910, ìlú náà ṣe òfin pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ kó wá sí ojúlé tí àwọn aláwọ̀ funfun bá pọ̀ sí. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1917, ṣùgbọ́n àdúgbò kò yé wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti lọ, tí owó kò sì wọlé, oògùn olóró wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ni eré yìí ń sọ ìtàn wọn.

4. Ibi tí eré náà ti sọ òótọ́

Ìkíní: Ó fi hàn pé ọjà ni. Nínú ọ̀pọ̀ eré, jàgùdà burú nítorí pé a bí i ní ènìyàn burúkú, ó tán. Nínú The Wire, oògùn olóró jẹ́ òwò tó ní ọ̀gá, tó ní akọ̀wé owó, tó sì ní àwọn ọmọ kéékèèké tó ń dúró sí ìkóríta nínú òtútù. Owó ńlá kì í dé ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àwọn ni ọlọ́pàá ń kọ́kọ́ mú, àwọn náà ni ìbọn ń kọ́kọ́ bà.

Níbì kan nínú ọ̀wọ́ kìíní, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ D'Angelo ń kọ́ àwọn ọmọ méjì, Bodie àti Wallace, ní ayò òyìnbó tí à ń pè ní chess. Ó ṣàlàyé pé nínú ayò náà, ọba kì í kúrò ní ipò ọba. Àwọn ọmọ ayò kéékèèké ló ń ṣáájú, àwọn ló sì ń tètè kú. Àwọn ọmọ náà ń gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń sọ.

Ọmọ ọdún 16 ni Wallace. Nínú ilé ahoro tí ó ń gbé, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké tí kò ní alágbàtọ́. Ní òwúrọ̀, yóò fún wọn ní oúnjẹ, yóò sì lé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó rí ìwà ìkà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ hù sí ẹnìkan, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó sì bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rán láti pa á, Bodie sì wà lára wọn.

Ẹ má ṣe rò pé eré náà ń gbe jàgùdà lẹ́sẹ̀. Ẹni tó pa ènìyàn, apànìyàn ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ ẹni tó ń rán wọn níṣẹ́, àti ẹni tó ń jèrè rẹ̀.

Ìkejì: Ó fi hàn pé iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í yá. Nínú eré tó wọ́pọ̀, ẹnìkan á kú ní agogo mẹ́jọ, wọ́n á mú ẹni tó pa á kó tó di agogo mẹ́sàn-án. Nínú The Wire, ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹjọ́ kan ń gbà. Ọlọ́pàá kò lè ṣàdédé máa dẹtí sí tẹlifóònù ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní láti kọ ìwé sí adájọ́, kí wọ́n fi hàn pé wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn tí kò bọ́ sí i. Wọ́n ń ka ìwé, wọ́n ń jókòó lórí òrùlé, wọ́n ń dúró.

Àwọn ọmọ ìta náà gbọ́n. Wọn kì í fi tẹlifóònù ilé sọ̀rọ̀. Wọ́n ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń pè ní pager, èyí tí ń gba nọ́ńbà, àti tẹlifóònù ẹ̀bá títì. Wọ́n sì ń yí nọ́ńbà padà kí ọlọ́pàá má bàa mọ̀ ọ́n. Ẹ wo bọ́tìnnì tẹlifóònù:

1 2 3
4 5 6
7 8 9
0

Wọ́n ń fo 5 tó wà ní àárín kọjá sí òdì kejì. Ẹni tó fẹ́ kọ 1 yóò kọ 9. Ẹni tó fẹ́ kọ 2 yóò kọ 8. Dípò 3, wọ́n á kọ 7. Dípò 4, wọ́n á kọ 6. Àti 5 àti 0 ń pààrọ̀ ipò. Ẹ rí i pé ọmọ tí kò ka ìwé dé ibì kankan lè ní orí pípé. Ọlọ́pàá tó tú àdììtú yìí ń jẹ́ Prez. Ẹ rántí orúkọ yìí, a ó padà sí i.

Ìkẹta: Ó fi hàn pé ìṣirò ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ń fẹ́ kí iye àwọn tí wọ́n mú pọ̀, kí iye ìwà ọ̀daràn sì dínkù nínú ìwé. Ọlọ́pàá kékeré tó bá mú ọmọ mẹ́wàá ní ìkóríta ti ní ohun tí yóò fi han ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó ń wá ọ̀gá àwọn ọmọ náà fún oṣù mẹ́fà kò tíì ní nǹkan kan ní ọwọ́. Èyí bá òótọ́ mu. Ní 2005, nígbà tí eré náà ń lọ lọ́wọ́, iye tí wọ́n mú ní Baltimore lé ní 100,000, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ará ìlú náà nígbà yẹn kò pé 700,000.

Ìkẹrin: Ó fi hàn pé wọ́n mọ ara wọn. Ọlọ́pàá àdúgbò àti ọmọ ìta kì í ṣe àjèjì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn. Wọ́n mọ orúkọ ara wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Carver kàn ń lé wọn, ó sì ń lù wọ́n ni. Nígbà tó yá, ọ̀gá rẹ̀ kan kọ́ ọ pé ọlọ́pàá tí kò mọ ará àdúgbò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọmọ ogun ní ilẹ̀ ọ̀tá. Carver yí padà. Ó ń kí àwọn ọmọ náà, ó ń mọ ìṣòro wọn, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọn kì í sọ fún un tẹ́lẹ̀.

Ìkarùn-ún: Ó fi hàn ìdí tí àwọn ènìyàn kì í fi í jẹ́rìí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan wà nínú ọ̀wọ́ kẹrin, Randy ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin kan tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, ó sì ń tọ́ ọ dáadáa. Randy gbọ́ nípa ìpànìyàn kan, ó sì sọ ọ́. Carver fi í lé ọlọ́pàá mìíràn lọ́wọ́. Ọlọ́pàá yìí kò fi ọgbọ́n ṣe é, ó jẹ́ kí àṣírí tú pé Randy ló sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọmọ náà ní olófòófó. Wọ́n lù ú, wọ́n sì ju iná sí ilé rẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́ ọ jóná gidigidi. Carver sáré sókè sódò láti gba ọmọ náà sọ́dọ̀, òfin kò gbà á. Randy bá ara rẹ̀ ní ilé àwọn ọmọ aláìlálágbàtọ́, ó sì di ọmọ líle.

Ṣé eré lásán nìyí? Ní October 2002, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí The Wire bẹ̀rẹ̀, ìyá kan ní ìlà-oòrùn Baltimore ń pe ọlọ́pàá léraléra nítorí àwọn tó ń ta oògùn olóró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n dáná sun ilé rẹ̀ mọ́ ọn ní òru. Ìyá náà, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn márùn-ún ló bá a lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé àwọn ará àdúgbò kan kì í bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, kí a má ṣe sáré pè wọ́n ní alábòsí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà sì ní ìdí.

5. Ibi tí òótọ́ eré náà kù sí

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Prez. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, Prez àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì lọ sí àdúgbò kan ní òru. Ọmọ ọdún 14 kan fara ti mọ́tò wọn, ó sì fi ẹnu gbọ̀ngbọ̀n fèsì. Prez fi ìbọn lù ú lójú, ojú kan sì fọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tí yóò kọ sínú ìwé kí ó má bàa wọ gàù. Wọ́n ní kó máa jókòó ní ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ló ti tú àdììtú nọ́ńbà. Lẹ́yìn ọ̀ràn mìíràn, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó di olùkọ́ rere tí ó fẹ́ràn ọmọ, àwa òǹwòran náà sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọmọ tó fọ́ lójú ńkọ́? Eré náà kò tẹ̀lé e délé. A kò mọ bó ṣe ń kàwé, a kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Eré náà fi àkókò púpọ̀ jẹ́ kí a mọ ọkàn ọlọ́pàá tó ṣẹ̀, kò sì fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní tirẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí eré náà parí tún là wá lójú sí i. Ní April 12, 2015, ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Freddie Gray, ọmọ ọdún 25, ní ìwọ̀-oòrùn Baltimore. Ó rí ọlọ́pàá, ó sì sá. Wọ́n mú un sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, egungun ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ó sì kú ní April 19. Ìlú dàrú. Wọ́n pe ọlọ́pàá mẹ́fà lẹ́jọ́, kò sí èyí tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi.

Ní August 2016, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwádìí rẹ̀ nípa àwọn ọlọ́pàá Baltimore jáde. Láti January 2010 sí May 2015, ọlọ́pàá ti dá àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn dúró ní ìgbà tó lé ní 300,000. Nínú gbogbo ìgbà 100, kò tó ìgbà 4 tí wọ́n rí ẹ̀sùn kà sí ẹni náà lọ́rùn. Àgbègbè kékeré méjì tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí jùlọ ló ru 44 nínú 100 ẹrù yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju 11 nínú 100 ará ìlú. Ìwádìí náà rí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú méje tí wọ́n dá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dúró ní ìgbà tó lé ní 30.

Ní March 2017, wọ́n mú ọlọ́pàá méje nínú ẹ̀ka kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti máa gba ìbọn lọ́wọ́ jàgùdà. Àwọn ọlọ́pàá yìí fúnra wọn ló ń ja àwọn ará ìlú lólè. Wọ́n ń kó owó wọn, wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Olórí wọn, Wayne Jenkins, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ní 2018. Ní The Wire, a rí ọlọ́pàá ọ̀lẹ, a rí èyí tó ń lu ènìyàn, a rí èyí tó ń jí owó díẹ̀. A kò rí irú èyí. Ní 2022, David Simon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe eré mìíràn lórí ọ̀ràn náà. Orúkọ rẹ̀ ni We Own This City, apá mẹ́fà ni. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ohun kan tún kù. Ní àdúgbò tí eré náà fi hàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jí lọ sí ibi iṣẹ́, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ń gbá iwájú ilé wọn. Wọn kò ta oògùn olóró, wọn kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. A kì í rí wọn tó nínú eré. Ní 2011, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Baltimore sọ ọ́ ní gbangba pé eré náà ba orúkọ ìlú jẹ́. Òun ní ìdí tirẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ń gbá iwájú ilé rẹ̀ náà lè sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni yóò sì sọ.

Àwọn ènìyàn kan tún wà tí a kì í sábà rí nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Láti 2007 ni Baltimore ti ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Safe Streets. Àwọn tó ti gbé ìgbé ayé ìta rí ni wọ́n ń rán lọ sí ìgboro láti làjà kí ìbọn tó dún. Ní 2015, iye àwọn tí wọ́n pa ní Baltimore lé ní 340. Ní 2024, ó dínkù sí bí 200. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló gbé ẹrù náà. Ìjà tí wọ́n parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ kò dùn ún wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n òun ló ń dá ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

6. Ìbéèrè márùn-ún tí a ó máa bi eré

Kí a má ṣe tìtorí èyí pa tẹlifíṣọ̀n. Kí a máa wò ó bí ẹni tó ní làákàyè. Bí eré ọlọ́pàá àti ọmọ ìta bá bẹ̀rẹ̀, kí a bi í ní ohun márùn-ún wọ̀nyí:

Ìkíní, ta ló kọ ọ́, ẹnu ta ni wọ́n sì gbọ́ ọ? Ṣé ẹnu ọlọ́pàá nìkan ni, tàbí ẹnu ọmọ ìta nìkan?

Ìkejì, ṣé olúkúlùkù ní ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe?

Ìkẹta, nígbà tí ìbọn bá dún tán, ṣé eré náà tẹ̀lé ẹni tó bà délé, tàbí ó kàn kọjá lọ?

Ìkẹrin, ṣé gbogbo ìṣòro parí láàárín wákàtí kan?

Ìkarùn-ún, ta ni kò sí níbẹ̀? Àwọn wo ló ń gbé àdúgbò náà tí a kò rí ojú wọn?

Eré tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa, ó ti gbìyànjú. Èyí tí kò bá dáhùn wọn lè dùn ún wò, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi dá ẹjọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn, tí kì í sábà wọ aṣọ ọlọ́pàá.
Òǹwòran: ẹni tó ń wo eré.
Àdììtú: ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà tí a dì, tí ẹlòmíràn kò lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀.
Olófòófó: ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri.
Aláìlálágbàtọ́: ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò tọ́ ọ.
Rìbá: owó tí a fi ń ra ojú rere ẹni tó wà nípò.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí Dragnet kò fi lè jẹ́ kí àwọn òǹwòran mọ ìdí ìjà Watts?
2. Iṣẹ́ méjì wo ni Ed Burns ṣe kí ó tó kọ eré?
3. Ènìyàn mélòó ló dínkù ní Baltimore láàárín 1950 àti 2020?
4. Bí ọmọ ìta bá kọ 826 sínú pager, kí ni nọ́ńbà gidi tó ní lọ́kàn?
5. Bí ìwọ bá ni Randy, ṣé ìwọ yóò sọ ohun tí o gbọ́? Bí ìwọ bá ni ọlọ́pàá, báwo ni ìwọ yóò ṣe dáàbò bò ó?
6. Rántí eré ọlọ́pàá kan tí o ti wò. Bi í ní ìbéèrè márùn-ún òkè yìí, kí o sì kọ ìdáhùn rẹ sílẹ̀.